Gbòǹgbò nọ́ńbà: ìgbà wo ló jẹ́ ẹyọ kan, ìgbà wo ló jẹ́ méjì?

Inú ẹ̀kọ́ ìṣirò ìrọ̀lẹ́ tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Mọ́kọ́lá, nílùú Ìbàdàn, ni àwọn ìbéèrè yìí ti wá. Ọdọọdún làwọn ọmọ SS1 àti SS2 ń bi mí, àwọn tó fẹ́ jókòó WAEC àti JAMB náà ń bi mí, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń bèèrè. Mo kó o jọ, mo tò ó láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó le. Ẹni tí ti ìbẹ̀rẹ̀ bá ti yé lè fò lọ síbi tó ń dà á láàmú.

Kí ni gbòǹgbò nọ́ńbà?

Tí a bá fi 5 lọ́nà 5, 25 la máa rí. 25 ni síkúwéà 5, 5 sì ni gbòǹgbò 25. Ohun tí olùkọ́ ń pè ní square root nìyẹn, √ sì ni àmì rẹ̀. Síkúwéà ń lọ síwájú, gbòǹgbò ń padà sẹ́yìn. Ó ń bèèrè pé, "Nọ́ńbà wo la fi lọ́nà ara rẹ̀ tá a fi dé ibí?"

Àwọn tó ń ra ilẹ̀ n'Ìbàdàn ń lò ó láìfura. Tí wọ́n bá gé pulọ́ọ̀tì tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 sí méjì dọ́gba, háàfù pulọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan á jẹ́ 60 sí 60, òró lọ́nà ìbú rẹ̀ á sì jẹ́ 3,600. Ẹni tí wọ́n bá sọ 3,600 yìí fún, tí wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, tó wá fẹ́ mọ bí fẹ́ǹsì ẹ̀gbẹ́ kan ṣe máa gùn tó, gbòǹgbò 3,600 ló ń wá. Ẹsẹ̀ bàtà 60 ni.

Kí ló dé tí máínọ́ọ̀sì lọ́nà máínọ́ọ̀sì fi ń di pílọ́ọ̀sì?

Ẹni tí èyí ò bá yé, kò sí bí ohun tó kù ṣe lè yé e. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló há a sórí bí orin, wọn ò rí ìdí rẹ̀ rí. Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù láti fi hàn wọ́n wà nínú bí àwa Yorùbá ṣe ń ka nǹkan. Ẹ gbọ́ orúkọ 16: ẹẹ́rìndínlógún. Mẹ́rin ló dín ní ogún, ìyẹn 20 − 4. Ẹni tó bá ti gbọ́ nípa Ifá rí sì mọ̀ pé Ojú Odù jẹ́ 16, àti pé gbogbo Odù lápapọ̀ jẹ́ 256, torí 16 lọ́nà 16 ni.

Ẹ wá fi (20 − 4) lọ́nà (20 − 4). Ogún lọ́nà ogún jẹ́ 400. Ogún lọ́nà −4 jẹ́ −80, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì wáyé, torí náà 400 − 80 − 80 jẹ́ 240. Ó wá ku −4 lọ́nà −4. Tó bá jẹ́ −16 ni, 224 la máa bọ́ sí, irọ́ sì ni. Tó bá jẹ́ +16, a bọ́ sí 256 gẹ́lẹ́. Kò sí ibòmíì tó lè bọ́ sí. (240 tá a rí lójú ọ̀nà yẹn, iye Odù tó kù lẹ́yìn Ojú Odù náà nìyẹn. Ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni, ṣùgbọ́n inú mi máa ń dùn sí i nígbàkígbà tí mo bá kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù.)

Ẹni tó bá fẹ́ràn ti owó, ẹ wò ó báyìí: gbèsè ₦2,000 jẹ́ −2,000. Tí wọ́n bá pa irú gbèsè bẹ́ẹ̀ mẹ́ta rẹ́ lọ́rùn yín, ẹ ti jèrè ₦6,000 nìyẹn. Mímú gbèsè kúrò, owó ló ń dà.

x² = 49. Mo kọ x = 7, olùkọ́ ní mi ò parí iṣẹ́. Kí ló kù?

−7 ló kù. −7 lọ́nà −7 jẹ́ 49, bí 7 lọ́nà 7 ṣe jẹ́ 49. Ìdọ́gba yìí ń bèèrè gbogbo nọ́ńbà tó lè dúró sípò x kí ọ̀tún àti òsì fi dọ́gba, méjì ló sì wà. Ẹni tó kọ ẹyọ kan ti dáhùn ààbọ̀ ìbéèrè.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú ọ̀nà wò ó. Ẹ fi ráńdábáòtù Mọ́kọ́lá ṣe òdo, apá Dùgbẹ̀ ṣe pílọ́ọ̀sì, apá Sángo ṣe máínọ́ọ̀sì. Ọ̀rẹ́ yín kan pè lórí fóònù, ó ní òun ti kù kìlómítà kan sí Mọ́kọ́lá. Níbo ló wà? Ẹ ò lè mọ̀. Ó lè máa bọ̀ láti Sángo, ó lè máa bọ̀ láti Dùgbẹ̀. Bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó ló sọ, kò sọ apá ibi tó wà. Bí síkúwéà ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn: ó mọ bí nọ́ńbà ṣe jìnnà sí òdo tó, ó sì ti gbàgbé apá ibi tó ti wá.

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé √49 náà jẹ́ 7 àti −7?

Rárá. √49 jẹ́ 7, ó tán. Ibí yìí ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú jù, àwọn olùkọ́ míì pẹ̀lú. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ girama, a dà á kọ láti ojú bọ́ọ̀dù pé √9 = ±3, mo sì gbé e kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ ẹlòmíì ni mo tó rí bó ṣe ń ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká fi ìbejì ṣàlàyé, torí pé ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa yìí, níbi tí Ìgbó-Ọrà wà, kò sí ẹni tí ìbejì ṣàjèjì sí. Tí mo bá dé ilé ìyá ìbejì, tí mo bèèrè pé, "Àwọn wo lọmọ ilé yìí?", méjì ni ìdáhùn: Táyé àti Kẹ́hìndé. Ṣùgbọ́n tí mo bá pe "Táyé!", ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ jẹ́ mi. x² = 49 ni ìbéèrè pé àwọn wo lọmọ ilé. √49 ni pípe Táyé. −√49 ni pípe Kẹ́hìndé. Ìyá kan náà ló bí wọn, àmọ́ orúkọ kan kì í jẹ́ ti àwọn méjèèjì.

Àdéhùn ni pé àmì √ ń tọ́ka sí gbòǹgbò tí kì í ṣe máínọ́ọ̀sì. Inú ìwé ìṣirò tí Christoff Rudolff kọ lédè Jámánì, tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún 1525, ni àmì náà ti kọ́kọ́ jáde. Ìdí àdéhùn yìí sì lágbára: tí √49 bá jẹ́ méjì, kí ni √49 + √4 máa jẹ́? Ṣé 9 ni, tàbí 5, tàbí −5, tàbí −9? Kò ní sí ẹni tó máa lè fi í ṣírò nǹkan kan.

Kí ni ± ń sọ, ta ló sì ń gbé e wá?

"Tàbí" ló ń sọ. x = ±7 túmọ̀ sí pé x = 7 tàbí x = −7, wọ́n kàn gé e kúrú ni. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, William Oughtred, lo àmì yìí nínú ìwé rẹ̀ lọ́dún 1631.

Ẹ̀yin tí ẹ ń yanjú ìdọ́gba lẹ ń gbé e wá. Kò sí nínú √. Láti x² = 49 ẹ máa kọ x = ±√49, lẹ́yìn náà x = ±7. Ẹ wo ibi tí ± wà, iwájú àmì gbòǹgbò ni, ọwọ́ yín lẹ fi gbé e síbẹ̀. Ẹni tó kọ x = √49 tó wá kọ ±7 sí ìlà tó tẹ̀ lé e, ibi tó dé tọ̀nà, ṣùgbọ́n ó gba orí irọ́ kan kọjá.

Kí ló dé tí ẹ̀rọ ìṣirò mi fi ń gbé ẹyọ kan wá?

Torí pé √ lẹ tẹ̀, √ sì ni ẹyọ kan. Ẹ̀rọ náà ò mọ̀ pé ìdọ́gba lẹ ń yanjú.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan tó jọ ọ́. Ọmọ kan fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá −7 tọ̀nà, ó tẹ −7², ẹ̀rọ gbé −49 jáde, ó sì pa ìdáhùn tó tọ́ rẹ́ mọ́ mi lójú. Ẹ̀rọ ò ṣìṣe. Ó kọ́kọ́ síkúwéà 7, lẹ́yìn náà ló wá fi máínọ́ọ̀sì sí i níwájú. Ẹ fi −7 sínú àkámọ́ kí ẹ tó síkúwéà rẹ̀: (−7)². Ìgbà yẹn lẹ máa rí 49.

Èmi ìyá ọmọ, mi ò kàwé jìnnà. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ ọmọ mi tọ̀nà?

Mà, ìbéèrè méjì péré ni kí ẹ máa bi í. Àkọ́kọ́: "Fi ìdáhùn tó o rí padà sínú ìbéèrè, jẹ́ kí n rí bóyá ó dọ́gba." Ẹ jẹ́ kó ṣe é lójú yín, kó máa sọ ọ́ jáde. Ẹ̀ẹ̀kejì: "Kò sí òmíràn mọ́?" Ẹ ò nílò láti mọ ìdáhùn. Ọmọ tí wọ́n bá ń bi ní ìbéèrè kejì yìí lálaalẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀.

Ìgbà wo ló yẹ kí n fi ìdáhùn oní-máínọ́ọ̀sì sílẹ̀?

Ìgbà tí ohun tí x dúró fún ò bá lè jẹ́ máínọ́ọ̀sì. Háàfù pulọ́ọ̀tì wa òkè yẹn, x² = 3,600 ló fún wa, x = 60 tàbí x = −60. Kò sí fẹ́ǹsì tó gùn ní máínọ́ọ̀sì 60. A mú 60.

Ẹ wo ti Cocoa House ní Dùgbẹ̀, ilé alájà 26 tí wọ́n parí lọ́dún 1965, tó ga ní nǹkan bí mítà 105. Tí nǹkan bá já bọ́ láti orí rẹ̀, tá a sì gbójú fo atẹ́gùn, ìṣirò fisíìsì sọ pé gíga ní mítà jẹ́ nǹkan bí 5t², t sì ni iye ìṣẹ́jú àáyá tó fi já bọ́. Torí náà 5t² = 105, t² = 21, t = ±√21, ìyẹn nǹkan bí 4.6 tàbí −4.6. Látìgbà tí nǹkan náà ti já la ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò, torí náà −4.6 jẹ́ ìgbà tí kò tíì kúrò níbi tó wà. A fi sílẹ̀, ó sì di ìṣẹ́jú àáyá 4.6.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ kí ẹ tó fi sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀: "gígùn kì í jẹ́ máínọ́ọ̀sì." Àìrí i rárá yàtọ̀ sí rírí i kí a tó yọ ọ́.

Ẹ má sì sọ ọ́ di àṣà. Tí ìbéèrè bá ní nọ́ńbà méjì odidi tó tẹ̀ léra, tí ọ̀kan lọ́nà èkejì jẹ́ 56, ìdáhùn ni 7 àti 8, tàbí −8 àti −7. Kò sí ohun tó lé ti ẹ̀yìn yẹn jáde. Ọmọ tó ti mọ́ lára láti máa pa máínọ́ọ̀sì rẹ́ á pàdánù rẹ̀.

(x − 3)² = 16. Mo kọ x = ±7, wọ́n ní mo gba ààbọ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Mo ti rí èyí lójú ìwé ọmọ tó pọ̀. Bó ṣe máa ń rí rèé: ọmọ náà á kọ x − 3 = ±4, ó dáa. Lẹ́yìn náà á gbé 3 lọ sápá kejì, á fi kún 4 inú ±4, á kọ ±7, á sì fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìdánilójú. Ohun tó ṣe ni pé ó jẹ́ kí ± gun orí 3 náà. ± kò kan 3 rárá.

Ẹ kọ ọ́ báyìí: x = 3 ± 4. Kí ẹ wá là á sí méjì lójú ẹsẹ̀. x = 3 + 4, ìyẹn 7. Tàbí x = 3 − 4, ìyẹn −1. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: −1 − 3 jẹ́ −4, −4 lọ́nà −4 jẹ́ 16. Ó bọ́ sí i. Ẹ wá yẹ −7 wò: −7 − 3 jẹ́ −10, síkúwéà rẹ̀ jẹ́ 100. Kò bọ́ sí i.

Níbi tí 3 tàbí nọ́ńbà míì bá wà pẹ̀lú ±, ìdáhùn méjèèjì kì í jọ ara wọn mọ́. Wọ́n ṣì jẹ́ ìbejì, àmọ́ 3 ló wà láàárín wọn báyìí, òdo kọ́. Ọ̀kan fi 4 jìnnà sí 3 lọ́wọ́ ọ̀tún, èkejì fi 4 jìnnà sí i lọ́wọ́ òsì.

x² = 5x. Mo pín apá méjèèjì sí x, mo rí 5. Ṣé mo tọ̀nà?

5 tọ̀nà, ṣùgbọ́n òdo ti sọnù. Òdo síkúwéà jẹ́ òdo, 5 lọ́nà òdo náà jẹ́ òdo. Nígbà tí ẹ pín in sí x, ẹ ti sọ láìmọ̀ pé x kì í ṣe òdo, torí kò sẹ́ni tó lè pín nǹkan sí òdo. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sápá kan: x² − 5x = 0, x(x − 5) = 0. x = 0 tàbí x = 5.

Kí ni ± ń wá nínú fọ́múlà quadratic?

Fọ́múlà tí a fi ń yanjú ìdọ́gba tó ní x² nínú ni, ọ̀nà kan náà sì ni ± gbà débẹ̀. Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀kan tó ti pẹ́ wò. Ní Baghdad, ní nǹkan bí ọdún 820, Al-Khwarizmi yanjú ìdọ́gba tí a máa kọ lónìí báyìí: x² + 10x = 39. Ara èdè Lárúbáwá tó lò, al-jabr, ni orúkọ algebra ti wá. Ó ya x² bí ilẹ̀ onígun mẹ́rin tó dọ́gba, ó gé 10x sí ọ̀nà méjì, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjì ilẹ̀ náà, 5 níbùú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Igun kan wá ku òfìfo, 5 sí 5. Ó fi 25 dí i, ó sì fi 25 kún apá kejì. Ilẹ̀ náà wá pé: (x + 5)² = 64.

Al-Khwarizmi mú 8, ó yọ 5, ó rí 3, ó dúró síbẹ̀. Ilẹ̀ ló yà, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ kì í sì í jẹ́ máínọ́ọ̀sì, torí náà kò jẹ̀bi. Àwa tí ìdọ́gba nìkan wà lọ́wọ́ wa gbọ́dọ̀ kọ x + 5 = ±8, ká sì rí x = 3 tàbí x = −13. Ẹ yẹ −13 wò: 169 − 130 jẹ́ 39. Ó bọ́ sí i bí ilẹ̀kùn ṣe ń bọ́ sójú rẹ̀. Ó ti tó nǹkan bí igba ọdún ṣáájú Al-Khwarizmi, lọ́dún 628, tí Brahmagupta ti kọ òfin nọ́ńbà oní-máínọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní Íńdíà, gbèsè ló sì fi ṣàlàyé wọn.

Tí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ sápá kan, tí ẹ fi a, b àti c rọ́pò àwọn nọ́ńbà yẹn kó di ax² + bx + c = 0, tí ẹ ṣe gbogbo ohun tá a ṣe yìí, fọ́múlà náà ló máa jáde: x = (−b ± √(b² − 4ac)) / 2a. Ẹ wò ó dáadáa. Tó bá jẹ́ pé √ fúnra rẹ̀ ti kó pílọ́ọ̀sì àti máínọ́ọ̀sì dání, kí ni ± tún ń ṣe níwájú rẹ̀?

Ṣé √(x²) = x?

Ó rí bẹ́ẹ̀ tí x bá jẹ́ pílọ́ọ̀sì tàbí òdo. Ẹ fi −7 dán an wò: (−7)² jẹ́ 49, √49 jẹ́ 7. −7 ló wọlé, 7 ló jáde. Torí náà √(x²) = |x|, ìyẹn bí x ṣe jìnnà sí òdo tó, láìka apá ibi tó wà sí.

Ẹni tó bá di èyí mú kò nílò láti há ± sórí mọ́. Láti x² = 49, tó bá gba gbòǹgbò lápá méjèèjì, |x| = 7 ló máa rí. Àwọn nọ́ńbà wo ló fi 7 jìnnà sí òdo? 7 àti −7. Ibẹ̀ gan-an ni ± ti ń yọ orí.

Mo yanjú √(x + 6) = x, mo rí 3 àti −2. Wọ́n ní −2 kò sí nínú rẹ̀. Ṣé ẹ ò ní ká máa mú méjèèjì ni?

Mo mọ̀ pé ó ń bíni nínú. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń wá ìkejì, ìkejì náà ni wọ́n wá ní kí ẹ jù nù. Ẹ jẹ́ ká tò ó. Ẹ síkúwéà apá méjèèjì: x + 6 = x². Ẹ kó o jọ: x² − x − 6 = 0, (x − 3)(x + 2) = 0. Ẹ dá wọn padà sínú ìbéèrè gan-an. Ti 3: √9 jẹ́ 3, ó dọ́gba. Ti −2: √4 jẹ́ 2, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún jẹ́ −2. Kò dọ́gba.

Níbo wá ni −2 ti wá? Ìgbà tí a síkúwéà ló wọlé. Síkúwéà máa ń gbàgbé apá ibi tí nǹkan ti wá, bá a ṣe rí i ní Mọ́kọ́lá. Ìdọ́gba méjì ni √(x + 6) = x àti −√(x + 6) = x, ṣùgbọ́n tí ẹ bá síkúwéà wọn, ọ̀kan náà ni wọ́n máa dà: x + 6 = x². Ti èkejì yẹn ni −2. Àlejò ni nínú iṣẹ́ yín, ilé kejì ló ń lọ.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ rèé. Tó bá jẹ́ pé x² wà nínú ìbéèrè látìbẹ̀rẹ̀, tí ẹ̀yin wá gba gbòǹgbò rẹ̀, ewu tó wà ni pé kí ìdáhùn kan sọnù, ẹ wá a. Tó bá jẹ́ pé √ ló wà nínú ìbéèrè, tí ẹ̀yin wá síkúwéà rẹ̀, ewu tó wà ni pé kí àlejò wọlé, ẹ yẹ gbogbo wọn wò. Nínú ìdánwò, ìṣẹ́jú kan péré ni yíyẹ̀wò yìí ń gbà.

Kí ni ká ṣe sí x² = −9?

Lára àwọn nọ́ńbà tá a ń lò títí dé SS3, kò sí èyí tó lè dáhùn. Pílọ́ọ̀sì lọ́nà ara rẹ̀ jẹ́ pílọ́ọ̀sì, máínọ́ọ̀sì lọ́nà ara rẹ̀ jẹ́ pílọ́ọ̀sì, òdo jẹ́ òdo. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, ẹ má sì kọ −3. Nínú fọ́múlà quadratic, tí b² − 4ac bá jẹ́ máínọ́ọ̀sì, ohun tó ń sọ fún yín náà nìyẹn. Tó bá jẹ́ òdo, ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà, torí 3 + 0 àti 3 − 0 kò yàtọ̀.

Àwọn tó bá dé yunifásítì máa pàdé nọ́ńbà kan tí wọ́n ń fi lẹ́tà i kọ, síkúwéà rẹ̀ jẹ́ −1. Euler, onímọ̀ ìṣirò kan, ló fún un ní lẹ́tà yẹn lọ́dún 1777. Níbẹ̀, x² = −9 ní ìdáhùn méjì: 3i àti −3i. Ìbejì náà tún ni.

x³ = −8 ńkọ́? x⁴ = 16 ńkọ́?

Lára àwọn nọ́ńbà tá a ń lò títí dé SS3, ìdáhùn x³ = −8 jẹ́ ẹyọ kan, −2, torí −2 lọ́nà −2 lọ́nà −2 jẹ́ −8. Ẹ̀ẹ̀mẹta kò pa àmì rẹ́. Ti x⁴ = 16 jẹ́ 2 tàbí −2. Ibi tí ẹ bá ti rí 2, 4, 6 lórí x, ẹ wá ìkejì. Ibi tí ẹ bá ti rí 3, 5, 7, ẹyọ kan ni.

x² < 49. Ṣé kí n kọ x < ±7?

Ẹ má kọ ọ́, kò ní ìtumọ̀. Ẹ padà sójú ọ̀nà wa. x² < 49 ń sọ pé x kò jìnnà sí òdo tó 7. Ní Mọ́kọ́lá, ẹni tí kò jìnnà sí ráńdábáòtù tó kìlómítà 7 lè wà níbikíbi láàárín kìlómítà 7 apá Sángo àti kìlómítà 7 apá Dùgbẹ̀. Torí náà −7 < x < 7.

x² > 49 ni ti ẹni tó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, apá méjì ló sì ti lè wà: x < −7 tàbí x > 7. "Tàbí" yẹn ṣe pàtàkì. Àwọn ọmọ máa ń kọ 7 < x < −7, kí wọ́n máa wá nọ́ńbà tó ju 7 lọ tó tún kéré sí −7. Kò sí.

Wọ́n fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp pé 1 = −1, wọ́n sì fi ìṣirò hàn. Níbo ni irọ́ wà?

Bó ṣe sábà máa ń wá rèé, ìlà mẹ́rin:

1 = √1

√1 = √((−1) × (−1))

√((−1) × (−1)) = √(−1) × √(−1)

√(−1) × √(−1) = −1

Ìlà kìíní tọ̀nà, √1 jẹ́ 1. Ìkejì tọ̀nà, −1 lọ́nà −1 jẹ́ 1. Ìkẹrin náà tọ̀nà fún ẹni tó ti mọ i, torí i lọ́nà i jẹ́ −1. Àmọ́ òfin tó ní ká pín √ sí méjì, √(ab) = √a × √b, àwọn nọ́ńbà tí kì í ṣe máínọ́ọ̀sì la ṣe é fún. Ẹ fi 4 àti 9 dán an wò: √36 jẹ́ 6, 2 lọ́nà 3 jẹ́ 6. Ẹ fi −4 àti −9 dán an wò: √36 ṣì jẹ́ 6, ṣùgbọ́n 2i lọ́nà 3i jẹ́ −6. Òfin náà já síbẹ̀, ó mú wa kúrò lọ́dọ̀ Táyé, ó fà wá lé Kẹ́hìndé lọ́wọ́, kò sì sọ fún wa. Ìlà kẹta ni kí ẹ fi bírò pupa yí ká.